Àrọ̀ àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Mẹ́ta Nínú Kòtò Ṣówándé

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi bọ́ sódò. Kò bá akàn, kò bá ọ̀nì. Orí Àrọ̀, ẹja onírùngbọ̀n, ló bà lé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta: Rògbòdò, Pẹ́lẹ́bẹ́ àti Bíńtín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àrọ̀ ń fi irùngbọ̀n tú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ. Bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Òjò ńlá rọ̀. Odò kún, ó kún dé ẹnu kòtò ẹja tí Ṣówándé, ọkùnrin kan tó ń sin ẹja, gbẹ́ sí etídò. Àrọ̀ yọjú wo inú kòtò. Ṣówándé pàtẹ́wọ́, ó da èérí ọkà bàbà sómi. Àrọ̀ tọ́ ọ wò, ó dùn. Ó sáré padà wá kó àwọn ọmọ rẹ̀.

Epìyà, ẹja aládùúgbò wọn, ní, “Ìyá Rògbòdò, níbo lẹ ń kó ọmọ lọ?”

“Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ peni wá jẹun. Ẹ̀yin ẹ máa fẹnu gbá ilẹ̀ odò.”

“Bí omi bá fà ńkọ́?”

“Kó fà. Ta ló fẹ́ padà?”

Omi fà. Kòtò dá dúró, Àrọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ṣówándé ń bọ́ wọn láràárọ̀. Kò ya ńlá sọ́tọ̀, kò ya kékeré sọ́tọ̀. Ó ní ẹbí kan ni wọ́n, kí wọ́n jọ máa gbé. Àrọ̀ sanra. Ó ń gbéraga bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro oko.

Nígbà tó yá, Ṣówándé lọ sí ìnáwó àna rẹ̀, ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin. Kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun bọ́ ẹja.

Lọ́jọ́ kìíní, ebi pa Àrọ̀. Ó wo Bíńtín. Ó ní, “Èyí kéré jù, kò lè dàgbà.” Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, Pẹ́lẹ́bẹ́ béèrè àbúrò rẹ̀. Àrọ̀ ní, “Ọmọ tó ń wádìí ìyá rẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́.” Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ku Rògbòdò. Ó ti fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò.

“Ìyá mi, irùngbọ̀n yín kò tíì já. Ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u.”

“Èmi? Kí n máa tú ẹrẹ̀ bí Epìyà?”

“Ẹ kọ́ mi, èmi á tú u fún yín.”

Àrọ̀ ronú díẹ̀. Kò rántí bí wọ́n ti ń ṣe é mọ́, ojú sì tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé Rògbòdò mì.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ṣówándé dé, ó pàtẹ́wọ́. Àrọ̀ nìkan ló yọjú.

“Àwọn ọmọ dà?”

“Wọ́n lọ kí ẹbí wọn lódò.”

“Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fi rìn lórí ilẹ̀?”

Àrọ̀ ní, “Bàbá, oúnjẹ àárọ̀ ńkọ́?”

Ẹni tọ́mọ kú fún ń sunkún. Ẹni tó jẹ ọmọ rẹ̀ ń béèrè oúnjẹ.

Ṣówándé gbẹ́ kòtò kejì. Ó pẹ́ jù. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá ń sin àrọ̀ ti ń ṣà wọ́n, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, tí ìyá kì í sì í bá ọmọ gbé inú omi kan náà.

Àrọ̀ wà nínú kòtò rẹ̀. Ó sanra. Kò lọ́mọ.