Aránṣọ Tó Fi Owú Ránṣọ

Aránṣọ kan wà nílùú kan, ẹni tí àánú máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ lu ọmọbìnrin kékeré kan ní gáréèjì, wọ́n ní ó jí búrẹ́dì. Wọ́n ń bèèrè pé, "Ọmọ ta ni?" Kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí ọmọ náà kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ni aránṣọ bá yọjú, ó ní, "Ọmọ mi ni." Wọ́n sì fi í sílẹ̀. Àwẹ̀ró lorúkọ ọmọ náà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ sílé. Ó rán ẹ̀wù aláwọ̀ ewé fún gbogbo wọn, ó sì fi òwú funfun kọ ọ́ sáyà wọn pé ỌMỌ MI NI, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń bá wọn tọrọ. Àwọn tó wà lókè òkun pàápàá gbọ́, wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin náà ṣe dáadáa.

Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì kan fẹ̀yìn tì, tóun náà ṣílé fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ ọjà. Obìnrin náà kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ní oògùn, ó ní ibùsùn, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan lọ bá a. Lọ́jọ́ tí aránṣọ gbọ́ pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀ṣì tóun ti máa ń sọ̀rọ̀, inú bí i. Ẹni tó ti ń fi òwú ránṣọ láti kékeré wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owú rán an.

"Níbo ló wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀?" Ohun tó ń sọ káàkiri nìyẹn. Ó pe àwọn ọmọ jọ, ó nawọ́ sáyà wọn. Ó ní, "Ẹ̀wù yìí kò gbọdọ̀ wọ ilé obìnrin yẹn."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ibà dá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀. Ìyàwó aránṣọ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì." Ọkọ rẹ̀ ní rárá, àgbo á ṣe é. Ó se àgbo náà fúnra rẹ̀, ó jókòó tì í, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dunni. Ó fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ kò lè gbà kí aráàlú gbọ́ pé obìnrin yẹn ló wò ó sàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò bá Àwẹ̀ró lórí ẹní. Aránṣọ mọ ibi tó lọ. Ó ń lọ, ó ń bínú, ó ń to ohun tó máa sọ sí obìnrin náà jọ. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì, ó dúró. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wà nílẹ̀ níta. Ọmọ náà ti ká a dáadáa, ó fi òkúta lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

Ó wọlé. Àwẹ̀ró wà lórí ibùsùn, ó ń gbọ̀n, nọ́ọ̀sì ń fi ìborùn ara rẹ̀ bò ó. Bí ọmọ náà ṣe rí bàbá, ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Bàbá, mi ò wọ̀ ọ́ wọlé o. Ìta ni mo bọ́ ọ sí."

Nọ́ọ̀sì kò tíì rí aránṣọ rí. Ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ sà. Ọmọ ta ni?"

Aránṣọ fẹ́ dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn, pé ọmọ òun ni. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó ń sunkún. "Ọmọ wa ni," ló wí níkẹyìn. "Ẹ bá wa wò ó."

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, o fajú ro wá síbí, nítorí ẹgbẹ́ kejì tó ń ṣàánú bíi tiwa kó bùláńkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sáwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé, wọn ò sì dárúkọ ẹgbẹ́ tiwa. O ní ká má bá wọn dáwó sí i mọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wo ẹnu ilẹ̀kùn wò ná. Ọmọ kan wà níbẹ̀ nínú ọyẹ́, ó ń bọ́ ẹ̀wù nítorí rẹ.