Ọ̀gbẹlẹ̀ Tó Tú Àṣírí Koríko Olágòkè

"Ewé mu, gbòǹgbò ò mu, ọ̀gbẹlẹ̀ ni yóò tú àṣírí." Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ wá? Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí ó ṣojú mi kòrókòró!

Ní Ìdí-Apá, ọba kéde pé ilé tí koríko iwájú rẹ̀ bá tutù jù lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwa ọmọdé yóò ti sáré ìje ọdún náà. Olágòkè télọ̀ ti gbà pé ilé òun ni. Lójoojúmọ́, òjò ì báà rọ̀, ó ń fa rọ́bà omi jáde ní ọ̀sán gangan, á wọ́n omi díẹ̀ sórí koríko, á sì wọlé.

Adéyọyin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni aládùúgbò rẹ̀. Òun kì í bomi rin tirẹ̀ rárá nígbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ni, kí oòrùn tó yọ, á sì dúró títí omi yóò fi mu ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè é ní ọ̀lẹ.

Ni ọyẹ́ bá dé, tí kànga sì fà. Ọba ní kí ẹnikẹ́ni má bomi rin koríko fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí ó tó di ọjọ́ karùn-ún, koríko Olágòkè ti ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ti Adéyọyin ńkọ́? Ó tutù yọ̀yọ̀!

Olágòkè fìbínú ya wọ ọgbà obìnrin náà. "Adéyọyin, o ń bomi rin ín ní kọ̀rọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, àdá rèé. Ẹ gbẹ́ ẹ wò fúnra yín."

Gbogbo wa sáré tẹ̀ lé wọn. Olágòkè kọ́kọ́ gbẹ́ tirẹ̀: gbòǹgbò kò gùn ju ìka lọ. Ó wá gbẹ́ ti Adéyọyin, ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, ọwọ́ rẹ̀ wọlẹ̀ dé ìgúnpá, gbòǹgbò ṣì ń lọ, erùpẹ̀ ibẹ̀ sì tutù.

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ewé ni mo ń fún lómi láti ọjọ́ yìí! Gbòǹgbò ò mu!"

Lọ́jọ́ ìje, orí koríko Adéyọyin la ti sáré láìwọ bàtà, Olágòkè fúnra rẹ̀ ló sì ju aṣọ pupa sókè pé ká máa lọ. Mo ṣe ipò kejì!

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ń ṣe iṣẹ́ ojú ayé, tó ń tún ohun tí aráyé ń rí ṣe, tó sì pa ìpìlẹ̀ tì, àwọn àgbà wa a máa sọ fún un pé: ewé mu, gbòǹgbò ò mu, ọ̀gbẹlẹ̀ ni yóò tú àṣírí.