Gbodo Orí Àpáta

Eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún ọkọ Mojoyin kó gbọ́?

Ooru àárọ̀ ọjọ́ náà ti fi han Mojoyin pé òjò ń bọ̀. Nígbà tó yá, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, atẹ́gùn ń gbé eruku. Àwọn ará abúlé sáré lọ kó gbodo tí wọ́n sá sórí àpáta fún èlùbọ́. Mojoyin náà gbé agbọ̀n, ni ọkọ rẹ̀ bá dí i lọ́nà.

“Gbé e sílẹ̀! Baba baba mi ló ń dá òjò dúró nílùú yìí. Òjò mọ ilé wa, kì í pa ẹrù wa.”

“Bàbá Fáníyì, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn wa mà nìyí!”

“Ṣé o fẹ́ kí ayé fi ìdílé wa ṣẹ̀sín ni?”

Mojoyin pòṣé, ó káwọ́ lérí. Òjò dé, ó gbá gbodo lọ sínú kòtò. Bàbá Fáníyì dé agbọ̀n òfìfo náà borí, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mojoyin figbe ta: “Ẹ dúró, ọmọ adájòdúró! Ẹ ṣí agbọ̀n kúrò lójú, kí òjò lè dá yín mọ̀!”