Ìkòkò Tí A Fún Ọmọ Láti Bà Jẹ́

Ojú Ẹfúndùnkẹ́ ń ṣú lọ́sàn-án gangan. Bí ó bá gbé òwú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ síwájú ara rẹ̀, kò mọ̀ mọ́ bóyá ó ti dúdú tó tàbí ó ṣì kù díẹ̀. Aláró ni obìnrin yìí nílùú Ìdó-Aró, níbi tí wọ́n ti ń fi ewé èlú pa òwú láró, tí dúdú rẹ̀ á sì máa dán. Àwọn ìlú tó jìnnà ló ń ránṣẹ́ wá rà á. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì péré ló mọ ọjọ́ tí aró kan, ìyẹn ọjọ́ tí omi inú ìkòkò lágbára tó láti mú òwú. Ẹfúndùnkẹ́ ni ọ̀kan. Ojúọlápé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní òdìkejì odò, ni èkejì. Bí ojú ọ̀kan bá fọ́, tí ogbó sì mú èkejì lọ, aró Ìdó-Aró parí nìyẹn.

Ẹ má sọ pé kò ní ọmọ iṣẹ́ o. Mẹ́sàn-án ló wà lágbàlá rẹ̀, àwọn àgbà inú wọn sì ti lo ọdún méje. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń kọ́ wọn, kí ẹ lè bá mi rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀, á tò wọ́n sórí ẹní, á mú omorogùn dání, wọn á sì máa ké e lóhùn kan pé: “Èlú mẹ́rìnlá, omi eérú ìkòkò mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, a dé e.” Wọ́n ń gún èlú, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń sẹ́ eérú. Ṣùgbọ́n tó bá kan ká ṣí ìkòkò, Ẹfúndùnkẹ́ nìkan ló ń wọ ahéré aró, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọ tó bá yọjú, omorogùn á bá a níka. Òwú tó ti gbẹ tán nìkan ni wọ́n máa ń rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ibà dá a dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn ọmọ ní àwọn kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ìyá àwọn bàjẹ́. Wọ́n yí ìkòkò kan ká, wọ́n ké ẹ̀kọ́ wọn láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́. Ohun tó jáde rí bí irun eku. Wọ́n tún un ké, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé etí ìkòkò náà ló di. Kí Ẹfúndùnkẹ́ tó lè dìde, aró náà ti kú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Inú kò bí i. Ẹ̀rù ló bà á, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Òun àti Ojúọlápé jọ gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúnníkẹ̀ẹ́ lọ, arúgbó tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ṣe àyẹ̀wò. Kò sí ẹni tó ń gbójú fo ọ̀rọ̀ arúgbó náà, nítorí kì í dẹ̀rù ba ni, kì í sì í pọ́n ni. Ó da owó sórí àtẹ. Mẹ́fà là, Ọ̀bàrà sì nìyẹn. Ó wò ó pẹ́.

“Ẹfúndùnkẹ́,” ó ní, “ta ló kọ́ ọ mọ ọjọ́ tí aró kan?”

“Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni.”

“Ṣé ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ?”

“Rárá, Ìyá. Ó kú kó tó dé orí rẹ̀. Inú ọ̀fọ̀ ni mo ti ṣí ìkòkò rẹ̀. Mọ́kànlá ni mo bà jẹ́ kí n tó rí èyí tó kan.”

“Ta wá ni olùkọ́ rẹ?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ, ẹ bi ara yín bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, kí ẹ wo bí ẹnu yín yóò ṣe gbẹ.

Ìyá Ọ̀ṣúnníkẹ̀ẹ́ ní ire ń bọ̀, àmọ́ kí àwọn méjèèjì rúbọ. Ẹyẹlé méjì, obì olójú mẹ́rin, ìyẹn kò le. Ẹbọ tó ṣòro ni pé kí oníkálùkù mú èlú tó dára jù nínú àká rẹ̀, ìwọ̀n ìkòkò mẹ́ta, kó kó o lé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó ṣí ahéré sílẹ̀ gbayawu. Fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí yóò fi wọ̀, kí ó jókòó láàárín wọn, kí ó fi ìkóóde, ìyẹ́ pupa ìrù odídẹ, sí àárín ètè.

“Ẹni tó gbé ẹbọ lérí kì í kí ènìyàn lọ́nà,” ni arúgbó náà wí. “Fún ọjọ́ wọ̀nyí, ẹbọ wà lórí yín. Ẹ kò gbọdọ̀ fọhùn, ẹ kò gbọdọ̀ wúkọ́ fi tọ́ wọn sọ́nà, ẹ kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí wọn.”

“Háà, Ìyá! Wọn á bà á jẹ́!”

“Ẹbọ náà gan-an nìyẹn.”

Ojúọlápé pòṣé. Ó ní òun kò mọ̀ pé arúgbó ti ń ṣe rán-ún-rán-ún. Èlú tí òun fi odindi ọdún kó jọ, kí òun wá kó o fún ọmọdé ṣeré? Ó ní ẹnu lòun fi ń kọ́ni, kò sì sí òrìṣà tó lè bá òun di í. Ó rú ẹyẹlé, ó rú obì, ó padà sílé, ó gbẹ́ omorogùn tuntun, ó sì sọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Àwọn wọ̀nyẹn ń ké e bí ìjímèrè.

Ẹfúndùnkẹ́ rú gbogbo rẹ̀. Hùn-ún, ojú rẹ̀ rí nǹkan! Ní ọjọ́ kìíní, ó kó èlú sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó fi ìkóóde sẹ́nu, ó jókòó lórí àpótí. Àwọn ọmọ ń wò ó, wọ́n ń dúró de àṣẹ. Àṣẹ kò dé. Títí ọ̀sán, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, nítorí wọn kò tíì ṣe ohun tí a kò rán wọn rí. Nígbà tó yá, ọ̀kan tí ń jẹ́ Àbíọ́nà dìde. Nínú gbogbo wọn, òun ni kì í lè ké ẹ̀kọ́ délẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ máa ń kọ́, omorogùn sì ti mọ ìka rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó gbé èlú, ó dà á sínú ìkòkò, ó bu omi eérú lé e. Ni ìyókù bá rọ́ wọlé.

Ìkòkò kìíní bàjẹ́. Wọ́n ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, aró kì í sì í kan nínú atẹ́gùn. Ẹfúndùnkẹ́ ń fọwọ́ gbá itan ara rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ tó ti ń ṣú náà, ṣùgbọ́n ìkóóde kò já bọ́. Lórí ìkòkò kejì, wọ́n jà. Àwọn kan ní eérú ti pọ̀ jù, àwọn kan ní kò tó. Àbíọ́nà ki ìka bọ omi eérú, ó tọ́ ọ lá, ó ní, “Ẹ̀yin ará ibí, eléyìí ò mà ta ahọ́n rárá! Ti ìyá wa máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ.” Gbogbo wọn tọ́ ọ lá. Òótọ́ ni. Ìkòkò kejì yẹn náà ṣòfò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sunkún nítorí rẹ̀. Wọ́n ti ń sáré lọ sun igi mìíràn fún eérú.

Láti ọjọ́ náà lọ, àgbàlá aró di ọjà. Ọmọ tó máa ń sùn lórí ẹní ń jí kí àkùkọ tó kọ. Wọ́n ń gbọ́ òórùn, wọ́n ń wo ìfófòó orí omi, wọ́n ń gbé ìkòkò kẹta lọ sẹ́bàá ògiri tí oòrùn ń pa, wọ́n sì ń bú ara wọn tayọ̀tayọ̀. Ẹfúndùnkẹ́ jókòó, ó ń gbọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé. Oòrùn ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ki òwú bọ ìkòkò kẹta, wọ́n fà á jáde, igbe sì ta. Òwú náà kò dúdú. Àwọ̀ ewé ọsàn ló ní, ó tutù yọ̀yọ̀. “Ó ti bàjẹ́! Ó ti bàjẹ́!” Àgbà inú wọn wó lulẹ̀, ó ń sunkún. Àwọn méjì gbá ìkòkò náà mú létí, ó di kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n lọ bẹ ìyá wọn.

Ẹfúndùnkẹ́ dìde dúró. Ẹ gbọ́ mi o, ó mọ̀! Òun nìkan ló mọ̀ ní gbogbo àgbàlá yẹn pé bẹ́ẹ̀ ni aró ṣe máa ń jáde, àwọ̀ ewé ni í kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “Ẹ dúró,” ni ì bá jẹ́ kí ohun gbogbo yé wọn. Bí kò bá sọ ọ́, ìkòkò tó kan lè dà sílẹ̀, èlú ọdún kan lè bá ilẹ̀ lọ. Ó rántí pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún òun náà. Ó jókòó padà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ètè rẹ̀ mú.

“Ẹ dúró!” Àbíọ́nà ni. “Ẹ wo etí òwú yẹn.”

Etí òwú ti ń ṣú. Dúdú náà ń rìn, ó ń gba inú àwọ̀ ewé náà kọjá, ó ń ràn dé àárín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dúdú tán, tó ń dán, àwọn ọmọ mẹ́sàn-án fò sókè, wọ́n pariwo débi pé àwọn ará òdìkejì odò rò pé wọ́n gbé ọba tuntun wọ̀lú! Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n fi aró kun ara wọn lójú, wọ́n gbé Àbíọ́nà sókè. Oòrùn sì wọ̀.

Ẹfúndùnkẹ́ yọ ìkóóde lẹ́nu. Gbogbo wọn ń retí ẹ̀kọ́. Ohun tó sọ ni: “Kí lẹ rí?”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sọ fún un pé oòrùn ẹ̀bá ògiri ń mú aró tètè kan, ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó.

Ojú rẹ̀ fọ́ pátápátá lọ́dún kejì, aró kò sì fọ́. Ọmọ tí wọ́n bá mú wá kọ́ṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìkòkò kan fún un láti bà jẹ́, wọ́n á sì bi í ní ohun tó rí. Àwọn alágbẹ̀dẹ gbọ́, wọ́n fi irin àfọwọ́bàjẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ wọn. Àwọn amọ̀kòkò gbọ́, àwọn ahunṣọ gbọ́. Olùkọ́ ń ti ilẹ̀ jíjìn wá jókòó ti afọ́jú náà, kó lè kọ́ bí a ti ń dákẹ́. “Ọmọ kì í ṣe àkèrègbè tí a ń rọ nǹkan sí,” ó máa ń wí fún wọn. “Ó lọ́wọ́, ó lójú. Ẹ fún un níṣẹ́ tó lè kùnà.”

Ojúọlápé ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, kò lè ṣí ìkòkò mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ké ẹ̀kọ́ tó gùn bí oríkì, aró ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń la odò kọjá lọ sọ́dọ̀ Ẹfúndùnkẹ́, títí ó fi ku òun nìkan. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ọjọ́ tí Ẹfúndùnkẹ́ kú, tó re ìwàlẹ̀ àsà, ìkòkò mẹ́rìnlélógún ló kan ní Ìdó-Aró, kò sì sí ìkankan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Àwọn tó wá sìnkú bá Ojúọlápé níbi tó ti ń sunkún, tó ń wo àwọn ọmọ tó ń sá òwú, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ní kó má sunkún mọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú ikú iyì.

“N kò sunkún rẹ̀,” ó ní. “Mo rú ẹyẹlé, mo rú obì, n kò rú ẹnu mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbọ́ tó sì rú u ṣe bá ayọ̀ dé ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ẹni tó yọ ṣùtì sí ẹbọ wà láàyè, ó ń wo iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.