Ọjọ́ tí Ẹfúnyẹmí Ṣílẹ̀kùn fún Adìyẹ

Ìyẹ́ adìyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ wà nínú igbá, aṣọ funfun tẹ́ sílẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ọnà kò sì wá. Bí ọ̀rọ̀ Ẹfúnyẹmí ọmọ Àwẹ̀ró ti rí nìyẹn ní ìlú Òkè-Ẹ̀lú, ní ìgbà tí ó ń fi ojú omijé wá ohun tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Aláró ni. Iṣẹ́ àdìrẹ ni ìyá rẹ̀ ṣe, òun náà ni ìyá ìyá rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, kó gbọ́: ẹ̀kọ ni wọ́n ń fi ìyẹ́ yà sára aṣọ, wọ́n á sá a sí oòrùn kó le, wọ́n á sì rì í sínú ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní rí i wọ̀. Bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ibẹ̀ á funfun, ìyókù á dúdú minimini.

Ní Òkè-Ẹ̀lú, wọn kì í ka ènìyàn sí àgbà aláró nítorí pé ó mọ ọnà ẹlòmíràn yà. Ní ọdọọdún, nígbà ọdún Ìyá Màpó, òrìṣà tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, gbogbo wọn á kó aṣọ jáde sí ojúde ilé aró. Àgbà inú wọn á gbé aṣọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì béèrè pé, “Ta ló ni ín?” Gbogbo ènìyàn á pe orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ya ọnà náà, ìbáà ti kú tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ń pe Àwẹ̀ró lọ́dọọdún nítorí ọnà tí ó yà, Eyín Òòyà. Ṣùgbọ́n aláró tí kò bá fi ọnà sílẹ̀, ọjọ́ tí ó bá kú ni wọ́n ń sun ìyẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í pè é mọ́.

Fún ẹni tí ó bímọ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún, ọmọ á máa pe ìyá rẹ̀. Ẹfúnyẹmí kò bí. Ó lọ́kọ, ọkọ kú. Ó lóyún, oyún wálẹ̀. Aṣọ funfun kan wà ní ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló ran òwú rẹ̀ kí ó tó gbé e fún ahunṣọ. Aṣọ ìsìnkú Ẹfúnyẹmí ni. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ó mọ̀ pé kò sí ọmọ tí yóò ra aṣọ bo òun, ó wá tọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tí ó bá ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa aṣọ òkú rẹ̀ mọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un pé ó dá wà.

Ọgbà ẹlẹ́gùn-ún yí ilé rẹ̀ ká. Kì í ṣe ìkà ló mú un ṣe é. Adìyẹ fẹ́ràn ẹ̀kọ, aláró sì ní láti jókòó ti aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí adìyẹ bá jẹ ẹ̀kọ ara aṣọ rẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, ìtìjú ńlá ni. Àwọn ẹlòmíràn ní ọmọ tí yóò bá wọn ṣọ́ aṣọ. Ẹfúnyẹmí kò ní, ó bá fi ẹ̀gún ṣọgbà. Ọgbà náà lé adìyẹ, ó lé ewúrẹ́, ó lé ọmọ aládùúgbò. Nígbà tó yá, ó lé “ẹ kú iṣẹ́” pẹ̀lú.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà ní ìkejì ilé, Ojúọlápé ni orúkọ rẹ̀. Ní ti Ojúọlápé, ó bímọ kún ilé, ọwọ́ rẹ̀ sì gún tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà rẹ̀ kì í wọ́ rárá. Òun náà kò tíì ní ọnà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún, nítorí obìnrin tí ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ni. Òun ló kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣúntọ́lá lọ, ìyá arúgbó tí ń da ẹ̀ẹ́rìndínlógún ní etí odò. Nígbà tí ó dé, ó dúró lẹ́yìn ọgbà Ẹfúnyẹmí, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹfúnyẹmí, o ò gbọ́ tuntun! Ìyá arúgbó yẹn ní kí n tẹ́ aṣọ tó wù mí jù sílẹ̀ kí adìyẹ wá jẹ ẹ̀kọ ara rẹ̀. Èmi Ojúọlápé! Kí n wá di aláró adìyẹ lójú ayé!”

Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó pẹ́ tí ẹnìkan ti bá a ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkejì rẹ̀ ti lọ tán, ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó rò ó pé ọ̀nà etí odò nìkan ló kù tí òun kò tíì tọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mú obì, ó gba ibẹ̀ lọ.

Ọ̀ṣúntọ́lá da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò wọ́n pẹ́.

“Kí lo wá wá, ọmọ Àwẹ̀ró?”

“Ìyá, ọnà ni mo wá wá. Ìyẹ́ wà lọ́wọ́ mi, inú mi ṣófo.”

“Ìyá rẹ, níbo ló jókòó sí nígbà tí ó rí Eyín Òòyà?”

Ẹfúnyẹmí ronú. “Ojúde ilé wa ni. Wọ́n ń dirun fún ìyàwó kan, mo wà lórí ẹsẹ̀ ìyá mi. Òòyà bọ́ sílẹ̀, ó fi àpá sínú erùpẹ̀. Ìyá mi bá kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí ni ò ń rí níbi tí o máa ń jókòó sí?”

“Ọgbà ni, Ìyá.”

Arúgbó náà mi orí, kò tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Ó ní, “Ẹbọ ni kí o rú. Mú aṣọ tí ó ṣe ọ́ níyebíye jù, fi ẹ̀kọ bo gbogbo rẹ̀, má ya nǹkan kan sí i. Já ọgbà rẹ, kí o tẹ́ aṣọ náà sí àárín àgbàlá láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Se ẹ̀wà fún ẹni tó bá wọlé, kí ìwọ náà bá wọn jẹ. Ohun tó bá fẹnu kàn án, ohun tó bá fẹsẹ̀ kàn án, o ò gbọdọ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, rì í sínú aró.”

Ẹfúnyẹmí ní, “Ìyá, aṣọ tó ṣe mí níyebíye jù, òun ni wọn yóò fi sin mí.”

“Òun náà ni.”

“Bí mo bá wá kú lọ́la ńkọ́?”

“Aṣọ kì í dìde bo òkú,” ni Ọ̀ṣúntọ́lá wí. “Ta lo yàn pé kó nà án sí ọ lára?”

Ẹfúnyẹmí dìde. Ó kí i, ó padà sílé.

Kò rú ẹbọ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bá a wí, ohun tí wọ́n ní kó mú sílẹ̀ kò kéré. Ó ń gbé aṣọ jáde nínú àpótí, ó ń dá a padà. Ó ní òun á tún fi ìyẹ́ gbìyànjú wò, bóyá ọnà á fúnra rẹ̀ wá. Ó mú àkísà funfun kan, ó yà á, ó yà á, títí ọrùn fi ń dùn ún. Nígbà tí ó gbójú sókè tí ó sì wo ohun tí ó yà, ìlà ni ó rí, ìlà àti ẹ̀gún, ẹ̀gún àti ìlà. Ọgbà rẹ̀ ni ó ti ń yà láti òwúrọ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó dìde, ó mú àdá, ó já ọgbà náà wó. Ó fi igi rẹ̀ dáná ẹ̀wà, ọ̀pá tí ó fi ń lé adìyẹ náà sì bá a lọ.

Ó fi ẹ̀kọ bo aṣọ ìyá rẹ̀ láti etí dé etí, ó tẹ́ ẹ sí àárín àgbàlá, ó jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà. Kò sí ẹni tí ó wá. Àwọn ènìyàn ń kọjá lójú ọ̀nà, ojú wọn sì wà níwájú, nítorí ó ti mọ́ wọn lára láti máa kọjá ibẹ̀ láìwò. Ilẹ̀kùn tí a tì, ènìyàn lè sọ fún ara rẹ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí àlejò wọlé. Èyí tí a ṣí sílẹ̀ gbayawu tí ẹsẹ̀ kankan kò yà sí, kí ni a ó sọ? Ẹfúnyẹmí fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, àgbébọ̀ adìyẹ kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ẹnu yà á bóyá, nítorí kò sí ẹni tí ó ní “ṣíì.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ẹ̀kọ jẹ. Ọwọ́ Ẹfúnyẹmí wá ọ̀pá lọ, ó bá eérú. Ó di ọwọ́ méjèèjì mú láàárín orúnkún. Ṣíṣá kọ̀ọ̀kan ń dùn ún bí ẹni pé ara òun gan-an ni wọ́n ń ṣá. Adìyẹ náà ṣá a síhìn-ín, ó ṣá a sọ́hùn-ún, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ha ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe adìyẹ.

Kò pẹ́, àwọn ọmọ Ojúọlápé sáré wọlé, nítorí adìyẹ wọn ni. Nígbà tí wọ́n rí ibi tí ó wà, wọ́n dúró sójú kan. Àgbà inú wọn kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Adìyẹ wa ti jẹ ẹ̀kọ yín.”

“Ẹ jẹ́ kó jẹ,” ni Ẹfúnyẹmí wí, ohùn rẹ̀ sì há, nítorí ó pẹ́ tí ó ti lò ó. “Ẹ̀yin náà, ẹ wá jẹun.”

Ọmọdé kì í pa irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Kó tó pẹ́, ọmọ adúgbò ti kún àgbàlá. Èyí tó kéré jù ń lé òròmọdìyẹ kiri, ó sì tẹ etí aṣọ náà kọjá. Àwọn ìyá wá wá ọmọ wọn, wọ́n bá ẹ̀wà, wọ́n jókòó. Obìnrin kan na ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dirun fún ọmọ rẹ̀. Ẹfúnyẹmí bá wọn jẹ nínú àwo kan náà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ti pè é ní gbogbo ọdún náà lọ.

Ó rì aṣọ náà sínú aró, ó sá a, ó tún rì í títí ó fi mu aró yó. Nígbà tí ó ha ẹ̀kọ kúrò tí ó sì nà án sí oòrùn, aṣọ náà funfun, gbogbo ojú tí adìyẹ ti ṣá sì dúdú lára rẹ̀, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó pọ̀ níbì kan, ó fọ́n ká níbòmíràn. Ipa ẹsẹ̀ adìyẹ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ ọmọdé kan ṣoṣo sì wà ní etí rẹ̀. Kò sí ènìyàn tí ó lè ro irú rẹ̀. Ẹfúnyẹmí jókòó ti aṣọ náà, ó sunkún ayọ̀. Ó sọ ọnà náà ní Adìyẹ Wọlé. Ó wá kọ́ ọ bí yóò ti máa fi ìdí ìyẹ́ ṣá ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ, bí adìyẹ ti ṣe é. Láti ọjọ́ náà, ọnà kò wọ́n ọn mọ́, nítorí àwọn tí ó ń kó o wá kò fi àgbàlá rẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Ní ọdún Ìyá Màpó, àgbà aláró gbé aṣọ náà sókè. “Ta ló ni ín?” Àwọn àgbà kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọdé ló kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ìyá wa Ẹfúnyẹmí ló ni ín!”

Ojúọlápé wà níbẹ̀, ó gbọ́. Nígbà tí ọdún yípo, òun náà ti fi ẹ̀kọ bo aṣọ, ó ti lé gbogbo adìyẹ jìnnà, ó sì ti fi ìdí ìyẹ́ ṣá a ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, gún régé. Wọ́n gbé e sókè. “Ta ló ni ín?” Ojúọlápé la ẹnu láti pe ara rẹ̀. Àwọn ọmọ inú rẹ̀, tí wọ́n jẹ ẹ̀wà Ẹfúnyẹmí lọ́jọ́sí, ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: “Ẹfúnyẹmí ló ni ín!” Kò rí ohun tí yóò ṣe, ó bá wọn pè é.

Ẹfúnyẹmí dàgbà, ó darúgbó, ó sì kú. Kò sí aṣọ funfun nínú àpótí rẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ti jẹun ní àgbàlá rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀, olúkúlùkù ilé sì mú Adìyẹ Wọlé kan wá, títí òkú fi ń wá ibi tí yóò ti yọjú. Ojúọlápé ló na àwọn aṣọ náà sí i lára, nítorí òun ni àgbà tí ó kù nínú ẹgbẹ́ wọn. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì sin Ẹfúnyẹmí.

Ẹni tí ó gbọ́ ẹbọ tí ó rú u, ẹ ti rí bó ti rí fún un. Ní ti ẹni tí ó fi ẹbọ ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó tó gbé aṣọ tí ó wù ú jù jáde. Ó fi ẹ̀kọ bò ó, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe adìyẹ. Wọ́n wá, wọ́n ṣá a jẹ yó, wọ́n lọ. Ó rì í sínú aró, ó sì dára. Nígbà tí ó nà án sójúde, ọmọdé tí ń kọjá lọ rí i, ó dúró, ó ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ Ẹfúnyẹmí yín mà dára!”