Èpè Tí Yímíyímí Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Ṣẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí yímíyímí kò tíì fẹsẹ̀ kan ìgbẹ́, ó ń gbé ní ilẹ̀ kan níhà ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì sínú omi. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ń dán bí epo tó dà sójú omi. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fò, kí gbogbo ayé lè rí i dáadáa. Bí òbúkọ bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, Olóyè Yímíyímí á fi ẹsẹ̀ méjì di imú, á fi mẹ́rin yòókù sá lọ.

Ó ní oko ìrẹsì lọ́tùn-ún, ó ní lósì. Ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju oko lọ.

Ilé òrìṣà kan wà lórí òkè ìlú náà. Màlúù àgbà ló ń tọ́jú ibẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa, ibẹ̀ ló ń gbé àwo lọ. Màlúù kì í bi í pé ọmọ ta ni. Oúnjẹ ló ń bù fún un. Àwọn oko tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ta òrìṣà lọ́rẹ ni ìrẹsì náà ti ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ aráyé. Bàbá á fi oko tọrẹ, bàbá á kú, ọmọ á ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ọba kan á fún òrìṣà nílẹ̀, ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ á kó ẹṣin wọ̀ ọ́. Òrìṣà kò sì ní ọlọ́pàá.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri òkúta mọ́ ẹ̀gbẹ́ irú oko bẹ́ẹ̀. Àkókó, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ le bí ìṣó, á gbẹ́ oòrùn àti òṣùpá sókè òkúta, kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí. Á gbẹ́ màlúù àti ọmọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń tọrẹ á fi ẹnu ara rẹ̀ ṣépè fún ẹni tó bá gba oko náà padà. Èpè yẹn ni ọgbà oko.

Èpè àwọn yòókù kò le púpọ̀. “Kí eyín máa dùn ún.” “Kí ìkòkò rẹ̀ máa jò.” Nígbà tí ó kan Yímíyímí, tí ó fẹ́ fi oko rẹ̀ kan tí ìsun omi wà lábẹ́ rẹ̀ tọrẹ, ó ní tòun gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Gbogbo ìlú jáde wá wò ó.

“Àkókó, kọ ọ́ pé ẹni tó bá gba oko yìí, kó máa jẹ ìgbẹ́ màlúù!”

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gun Yímíyímí bí ọtí.

“Ẹ dúró, kò tíì tán! Kó máa yí i róbótó, kó máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tì í kiri. Kó kọ́lé sínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni kí ìyàwó rẹ̀ ti bímọ!”

Ọmọ màlúù fẹnu sí ìyá rẹ̀ létí. “Ìyá, ìgbẹ́ ta ni?”

“Tìrẹ àti tèmi. Dákẹ́, ká gbọ́ ọ̀rọ̀.”

Àkókó nu ẹnu. “Olóyè, ta ni kí n kọ pé èpè náà máa jà? Ọba ni, àbí olè?”

“Ẹnikẹ́ni! Ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ẹrú, ìbáà ṣe ẹni tó fi oko náà tọrẹ gan-an!”

“Títí dìgbà wo?”

“Títí oòrùn àti òṣùpá yóò fi kú!”

Kọ́, kọ́, kọ́. Àkókó kọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀dá dá. Oko Yímíyímí gbẹ, ilẹ̀ wọn là pẹrẹpẹrẹ. Oko orí ìsun omi nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Ebi dé. Màlúù rán ọmọ rẹ̀ sí Yímíyímí.

“Bàbá, ìyá mi ní kí ẹ máa bọ̀ wá jẹun. Wọ́n ní kí ẹ mú àwo dání.”

“Èmi? Kí n gbé àwo tò sẹ́yìn eku?”

Ó lé ọmọ náà lọ. Ebi ń pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé àwo pẹ́nrẹ́n, ìlú á mọ̀ pé Olóyè ti tòṣì. Ó kúkú mú dòjé, ó gba oko lọ. Ó bá Màlúù nídìí òkúta, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

“Ẹ kú ìrìn, Olóyè. Kí lẹ fẹ́ fi dòjé ṣe?”

“Mo fẹ́ gé díẹ̀ nínú oko mi ni.”

“Oko òrìṣà lẹ fẹ́ wí.”

“Ta ló fún òrìṣà?”

“Ẹ̀yin ni, ẹ ṣeun. Èpè yín náà ló sì wà lára òkúta yìí.”

“Ìyá Màlúù, ajá tí mo fọwọ́ ara mi bọ́ kò lè bù mí jẹ.”

“Ṣé ẹ ti sọ fún ajá náà?” Orí igi ni Àkókó ti dáhùn.

Yímíyímí wòkè. Oòrùn ranjú mọ́ ọn. Ó rọra yí padà sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìkùukùu dúdú bo ojú ọ̀run. “Ẹlẹ́rìí ti sùn!” ni Yímíyímí wí, ó sáré wọ oko náà. Ká ní ó ronú díẹ̀ ni, ì bá mọ̀ pé òjò ló ń bọ̀, pé oko tirẹ̀ náà máa tó tutù padà. Ó gé ìrẹsì kún àpò. Bí ó ti gbé e kọ́ èjìká ni ìkùukùu pín sí méjì: oòrùn yọjú lápá kan, òṣùpá ọ̀sán yọjú lápá kejì.

Àrá kò sán. Ilẹ̀ kò sì là.

“Ẹ ò rí i? Ẹnu lásán!”

Ó délé, ó se ìrẹsì, ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó tu ú dànù. Ó ń rùn bí ẹja tó bà jẹ́. Afẹ́fẹ́ wá fẹ́ òórùn kan wọlé, òórùn dídùn tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó tẹ̀ lé e títí dé ọ̀nà tí ọmọ màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá. Ó bá ìgbẹ́ níbẹ̀ ní gbígbóná, ó ń yọ èéfín.

“Mi ò ní jẹ ẹ́. Mo kàn fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ ni.”

Ó gbóòórùn rẹ̀.

“Mo kàn fẹ́ fi ẹnu kàn án ni.”

Nígbà tí ó máa gbórí sókè, ìyẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, iwájú orí rẹ̀ ti pẹlẹbẹ bí ṣọ́bìrì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń yí i róbótó.

Òjò rọ̀, oko rẹ̀ hù padà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò gba ìrẹsì mọ́. Ó ti ẹrù rẹ̀ dé ilé òrìṣà, ó ń sunkún.

“Ìyá Màlúù, ẹ bá mi gbé èpè yìí kúrò.”

“Olóyè, èmi kọ́ ni mo ṣẹ́ ẹ. Ẹ lọ bi àwọn ẹlẹ́rìí bóyá ó ti tán.”

Ọmọ màlúù na ọrùn. “Ìyá, ìgbẹ́ ta ni?”

“Dákẹ́. Àgbàlagbà ń jẹun.”

Yímíyímí gun orí ìgbẹ́ náà, ó gbójú sókè. “Oòrùn, ṣé ó ti tán?”

“Ṣé mo ti kú ni?” ni oòrùn dáhùn.

Nígbà tí òṣùpá yọ ní ìrọ̀lẹ́, ohun kan náà lòun náà wí.

Ọba kan kó ẹṣin wá sí oko náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó rí Yímíyímí nídìí òkúta, ó béèrè ẹni tí í ṣe. Wọ́n sọ fún un. Ó yí ẹṣin padà, ó di imú, ó lọ.

Ọjọ́ tí Yímíyímí gé ìrẹsì òrìṣà yẹn ni àtìrandíran rẹ̀ ti di ayígbẹ́. Bí ẹ bá pàdé ọ̀kan lọ́nà, ẹ dúró wò ó. Á tì í díẹ̀, á dúró. Á gun orí rẹ̀, á yí po, á wòkè, á bi oòrùn léèrè. Á sọ̀ kalẹ̀, á tún máa tì í lọ.