Àwo Èkuru Tí Kò Tán Nílé Àwẹ̀ró

Nínú gbogbo ọmọ tí Àwẹ̀ró bí, ọkùnrin méjì péré ló kù fún un láyé. Ìgè ni àkọ́bí, Ọ̀kẹ́ sì ni àbíkẹ́yìn. Ní ìletò Òkè-Apá tí wọ́n ń gbé, bí àwọn ènìyàn bá ń wá ọmọ ìyá tó mọwọ́ ara wọn tí wọn yóò fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ tiwọn, ilé Àwẹ̀ró ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Oko tẹ̀gbọ́n tàbúrò fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Bí Ìgè bá ti kọbè tirẹ̀ tán, kò ní sinmi tí yóò fi sọdá ààlà lọ ran Ọ̀kẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n ń gbìn sì ń so wọ̀ǹtìwọnti tó bẹ́ẹ̀ tí èkuru, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà kì í fi í wọ́n ní Òkè-Apá, ìbáà jẹ́ nígbà tí ìyàn mú níbòmíràn.

Ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Ìgè fẹ́ sun ìgbẹ́ tó ṣán. Ọ̀kẹ́ bá a lóko láàárọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ọyẹ́ yìí le jù. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ ná."

Ìgè rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ mi níná sísun? Mo ti ń sun ìgbẹ́ kí wọ́n tó bí ọ."

Kí oòrùn tó kàntàrí, iná ti fo ààlà. Ẹ̀wà Ọ̀kẹ́ ti gbẹ lórí ìtàkùn, kíká ló kù. Iná jó o kanlẹ̀, ó tún wọ ọgbà iṣu rẹ̀. Ọ̀kẹ́ dúró sínú eérú, ó ń gbọ́ bí iṣu ṣe ń bẹ́ pàù-pàù nínú iná, ìpayà sì sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Ó nàka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó wá bá wọn paná, ó kígbe pé, "Ìwọ kì í ṣe ọmọ bàbá mi! Ibi tí wọ́n ti rí ọ, wọn kò sọ fún wa!"

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ wà láàárín wọn, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀ tó fẹ́ fi paná. Ó sọ ìkòkò náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì kọrí sílé.

Àwọn àgbà dá sí i. Ìgè kó iṣu àti irúgbìn fún àbúrò rẹ̀, Ọ̀kẹ́ sì dọ̀bálẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ burúkú tó sọ. Wọ́n bu omi tútù fún wọn, wọ́n mu ún nínú igbá kan náà, àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ wọn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Ọ̀kẹ́ fi ní, "Mo ti gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tó jóná kò lè hù mọ́." Ìgè náà yíjú padà: "Èmi náà ti gbàgbé, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ bàbá tó bí mi fún mi." Bí ẹjọ́ ṣe tún dìde nìyẹn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń parí rẹ̀, lọ́dọọdún ló sì ń jí. Ọ̀kẹ́ kò pe Ìgè ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Ìwọ" ló ń pè é, bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo ilé sì ń gbọ́ ọ.

Ìjà àwọn bàbá wọ inú àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kan, Látúnjí ọmọ Ìgè àti Gbádébọ̀ ọmọ Ọ̀kẹ́ pàdé lójú ọ̀nà odò. Ọ̀rọ̀ kan bí èkejì, àdá yọ, Gbádébọ̀ sì ṣá Látúnjí lápá. Bí wọ́n ti ń gbé e bọ̀ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, Ọ̀kẹ́ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n àdá ní ojúlé Ìgè. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú tó tún mọ́, òkú yóò sùn ní agboolé àwọn. Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ òun náà gbé òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n àdá jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró ni gbogbo agboolé kọ́kọ́ rí. Ìyá arúgbó tó jẹ́ pé wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún láti ọjọ́ pípẹ́ jókòó sí àgbàlá, ó ń bó ẹ̀wà. Àwọn ìyàwó ilé sáré wá gbà á, ó ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ó lù ú títí ó fi hó funfun, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó sì tò ó sínú ìkòkò. Ẹ̀wà tó bù kò kún igbá ìmumi. Nígbà tí èkuru náà jinná, ó tú u sínú àwo amọ̀ kan, ó rún un, ó fi ata díndín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ òun méjèèjì wá sí abẹ́ igi ìyeyè tó wà láàárín ilé.

"N kò pè yín wá rojọ́," ni ó wí. "Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ti dá ẹjọ́ yín, ó sú wọn. Èkuru nìyí. Ẹ jọ jẹ ẹ́ tán. Títí tí ẹ ó fi jẹ ẹ́ tán, èmi kò ní fi oúnjẹ kan ẹnu, n kò sì ní mu omi."

Ìgè wo àwo, ó wo ìyá rẹ̀. "Ìyá, èyí tí èmi nìkan lè jẹ kí n má tíì yó?"

"Ẹ jẹ ẹ́ tán."

Wọ́n fọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Wọn kò wo ojú ara wọn. Nígbà tó ṣe, Ọ̀kẹ́ ní, "Ìyá ló ní kí n wá jẹun o. Ká ní kì í ṣe iná tó jó oko mi, kí ni ìbá gbé wa débí?" Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń gbọn ọwọ́ tó kún fún èkuru.

"Iná ni o rí, o kò rí ẹnu rẹ," ni Ìgè dáhùn, ó ju ọwọ́ síwájú, òun náà gbọn ọ́n. "Apá ọmọ mi ńkọ́?"

Báyìí ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń sọ, tí wọ́n ń gbọn ọwọ́. Oòrùn gun òkè. Ìyàwó Ìgè ló kọ́kọ́ figbe ta. "Ẹ wo àwo! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo àwo yìí!"

Èkuru náà kò dínkù. Bí ìyá ti bù ú síbẹ̀ láàárọ̀ ló ṣe wà, funfun báláú, ó ga láàárín àwo bí òkìtì kékeré. Àwọn tó dúró nítòsí fà sẹ́yìn, àwọn tó wà lókèèrè sì ń sún mọ́ ọn. Ẹnì kan sáré lọ pe Baálẹ̀. Nígbà tí Baálẹ̀ dé, tó wo àwo náà tó sì wo àwọn méjèèjì tí ikùn wọn ti ń le, ó ṣí fìlà, ó lọ dúró lẹ́bàá ògiri.

Ìgè dá ọwọ́ dúró. "Ìyá, kí lẹ fi sínú oúnjẹ yìí?"

"Ẹ̀wà ni," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ẹ̀wà tí mo fi tọ́ yín dàgbà. Iyọ̀ gan-an n kò fi sí i."

Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn ìyàwó bẹ̀ ẹ́ kó fi omi ra ọ̀fun, ó mi orí. Ó ti fẹ̀yìn ti ara igi, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kẹ́ rí i, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ebi yóò pa ìyá mi kú níwájú oúnjẹ." Ó tún bu èkuru, ó jù ú sẹ́nu, ó gbé e mì tipátipá.

Ìgè ní, "O rí i bí? Ọ̀rọ̀ rẹ ló fa gbogbo èyí. Ta ni bàbá mi? Dáhùn!"

Ọ̀kẹ́ fi ìbínú na ọwọ́ jáde láti fèsì, ó gbọn ọ́n, ojú rẹ̀ sì ṣèèṣì bọ́ sínú àwo. Ẹyọ èérún kan já bọ́ láti àárín ìka rẹ̀. Ó ń wò ó. Èérún náà kàn dé orí èkuru ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń fẹ̀, ó ń yọrí, bí olú ti í yọrí lórí ọ̀gán, títí ó fi dí ojú ibi tí ó ti bù jẹ.

Orí Ọ̀kẹ́ wú fìrì. Ó yí ojú sí ọwọ́ Ìgè, ó rí i pé bákan náà ló rí: ìbínú ń ti ọwọ́ náà síwájú, èérún ń já bọ́, àwo ń kún. Ó wá rántí gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti bu omi tútù fún wọn, àti ọ̀rọ̀ tí òun máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń dá èkuru yìí padà bí kò ṣe àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi fèsì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́nu, ó lá a, ìka kan tẹ̀lé òmíràn, títí ọwọ́ náà fi mọ́. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. Gbogbo agboolé gbọ́ ọ, àwọn obìnrin kan sì fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá kan náà ló bí èmi pẹ̀lú yín. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ náà, mo sì fi irọ́ náà bú ìyá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Mo ti sọ ọ́ tán. N kò fi ṣùgbọ́n kankan kún un."

Ọwọ́ Ìgè ṣì wà lókè àwo, èkuru wà láàárín ìka rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀ tí orí rẹ̀ ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọra ká ọwọ́ náà kò, ó gbé e wá sí ẹnu ara rẹ̀, òun náà lá a. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́," ni ó wí, "o kìlọ̀ fún mi. Mo gbọ́ ọ. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n dúró. Iṣu tí mo kó fún ọ, mo fi bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ ni."

Wọ́n tún bu èkuru. Lọ́tẹ̀ yìí, ìsàlẹ̀ àwo hàn. Wọ́n bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ọwọ́ kan ló kù nígbẹ̀yìn, Ìgè pín in sí méjì, ó na tàbúrò rẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó gbọn ọwọ́. Àwẹ̀ró gba àwo náà, ó dojú rẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohunkóhun kò já bọ́.

Gbogbo èrò dúró bí ẹni tó wà níwájú òrìṣà. Látúnjí tó fi aṣọ di apá ló kọ́kọ́ mira. Ó rìn kọjá láàárín èrò, ó lọ dúró ti Gbádébọ̀, èyí sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un.

"Ẹ bu omi fún mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Kí ẹ sì wá nǹkan tí mo máa jẹ. Ẹ má gbé èkuru wá o."

Ìgbà náà ni ẹ̀rín tú, tí àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n tún ń sunkún. Ìyá náà mu omi títí igbá fi gbẹ.

Láti Òkè-Apá ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi gbogbo. Títí di òní, bí àwọn àgbà bá parí ìjà, tí wọ́n rí ẹni tó tún fẹ́ hú ohun tí wọ́n ti sin jáde, wọn a wo ọwọ́ rẹ̀, wọn a sì ní: bí a bá fẹ́ jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo.